Àlejò Tó Wá Wo Òkè Wa Nínú Oṣù Òjò

Muscat,
Ọjọ́ Kẹjọ, Oṣù Kẹfà, 2002

Avvayya mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òjò, ẹ kú ìdánìkanwà, ẹ sì kú iṣẹ́ oko. Mo kí yín, ìyá mi, mo tún yín kí. Mo ti pe fóònù yín títí ó fi sú mi. Mo gbà pé igi ti tún wó lé wáyà bíi ti ọdún tó kọjá, ìdí nìyẹn tí mo fi mú gègé. Ara mi le. Oòrùn ibí ń yan ènìyàn bí ẹni yan àgbàdo, ṣùgbọ́n inú ilé tútù.

Ìròyìn ayọ̀ ni mo ní fún yín. Ilé iṣẹ́ adójútòfò wa fẹ́ ṣe ìpàdé ní Bengaluru ní ìparí oṣù tó ń bọ̀. Nígbà tí ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Wadekar, gbọ́ pé ọmọ Kodagu ni mí, ó ní kí n ṣètò kí a lo òpin ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀ lẹ́yìn ìpàdé. Òun, ìyàwó rẹ̀ Sulabha, èmi, àti Salim, ọmọ Oman tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe ìrìn àjò lásán, Avvayya. Ilé iṣẹ́ wa fẹ́ ṣí ẹ̀ka titun ní ìlú Sohar, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò ṣe olórí rẹ̀. Ó kù sọ́wọ́ èmi àti Salim. Ẹni tí inú ọ̀gá bá dùn sí ni yóò gbà á.

Mo ti ṣètò gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, a ó wọ Ilé Ìgbafẹ́ Kùrukùru, èyí tí wọ́n kọ́ sí òkè odò yín. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìpolówó wọn pé Scotland ilẹ̀ India ni Kodagu, ọ̀gá sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn gan-an. Láàárọ̀ Sátidé, a ó lọ wo omi tó ń já láti orí àpáta. Lọ́sàn-án, a ó wá jẹun lọ́dọ̀ yín. Lọ́jọ́ Àìkú, a ó wo erin, a ó ra oyin, a ó sì padà.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Ẹ má se ẹran ẹlẹ́dẹ̀, nítorí Salim. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí Chomi da ẹlẹ́dẹ̀ yẹn lọ sí ẹ̀yìn igbó kí wọ́n má gbóòórùn rẹ̀. Ẹ wọ síliìkì pupa tí mo rà fún yín. Mo ti sọ fún ọ̀gá pé oko kọfí wa tóbi, pé àwọn òṣìṣẹ́ wa pọ̀, àwọn tó sì ń gbé oúnjẹ fún àlejò a máa wọ funfun. Nítorí náà, Avvayya, ẹ má sí nínú oko ìrẹsì lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín lórí ìjókòó, nínú ilé.

Èmi ọmọ yín,
Uthaiah


Mallemotte,
Ọjọ́ Kẹtàdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹfà

Uthaiah ọmọ mi,

Mo gba lẹ́tà rẹ. Mo dúpẹ́ pé ara rẹ le. Tèmi náà le. Ara tí ń bẹ nínú ẹrẹ̀ láti òwúrọ̀, kò ní àyè àìsàn.

Ta ló ń wá wo òkè nínú oṣù Kakkada, tí òjò ń rọ̀ jù? Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo rò pé ojú mi ni. Òkè fúnra rẹ̀ kì í rí ara rẹ̀ nínú oṣù yẹn. Kùrukùru á wọlé láti ojú fèrèsé, á jókòó sórí àga bí àna ẹni. Eṣúṣú á máa bọ́ láti orí ewé sínú ẹ̀wù. Àwa tí a bí síbí gan-an, à ń wá ibi tí a máa sá sí, ìwọ ń san owó kí ọ̀gá rẹ lè wá jìyà. Ṣé ẹ kò ní òjò ní Muscat ni? Bí o bá sọ fún mi, mi ò bá di díẹ̀ sínú ìgò kí n fi ránṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ Scotland yẹn sì pa mí lẹ́rìn-ín. Ṣé àwọn ará Scotland náà ń pe ilẹ̀ wọn ní Kodagu? Bí wọn kò bá pè é bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí àwa fi ń fi orúkọ ilé onílé sọ ilé wa?

O ní kí n jókòó. Ó dáa. Jẹ́ kí n sọ bí ìjókòó náà ṣe rí fún ọ. Àwọn òṣìṣẹ́ tó pọ̀ tí o ròyìn fún ọ̀gá rẹ, Chomi ni àti èmi, obìnrin méjì péré. Àwọn ọmọ Chomi tó máa ń bá wa gbin ìrẹsì ti lọ sí Ilé Ìgbafẹ́ Kùrukùru. Wọ́n ń gbé àpótí àlejò gun òkè níbẹ̀, wọ́n sì ń wọ funfun. Ó jọ pé àwọn lo rí lójú àlá tí o fi purọ́.

Oko ńlá tó wà nísàlẹ̀ ilé kò tíì rí ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ìrẹsì kékeré ti yọ níbi tí mo dà á sí, ó ti ń ga. O mọ̀ pé bí a kò bá tú u lọ gbìn sínú oko ńlá kí Kakkada tó parí, ó gbó nìyẹn, adìẹ ni yóò jẹ ẹ́. Bí oko ńlá bá ṣófo, a kò ní ní ìtí ìrẹsì tiwa tí a máa gé lọ́jọ́ Puthari. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú, kò sí ọdún ìrẹsì titun kan tí mo lọ tọrọ ìtí lóko aládùúgbò. Èmi kọ́ ni màá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Nítorí náà, èmi náà ní ẹ̀bẹ̀. Fi àwọn ọ̀gá sílẹ̀ ní Bengaluru, kí o ṣáájú wọn dé. Wá ti ẹsẹ̀ bọ ẹrẹ̀ fún mi kí a parí oko náà, lẹ́yìn ìyẹn màá wọ síliìkì pupa, màá jókòó bí ìyàwó ọba. Àjò kì í dùn kí onílé má relé.

Ìyá rẹ,
Chondamma


Muscat,
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Keje

Avvayya mi,

Ẹ kú òjò o. Lẹ́tà yín dé. Mo kà á, mo rẹ́rìn-ín díẹ̀, inú mi sì bàjẹ́ púpọ̀.

Mi ò lè ṣáájú wọn dé. Èmi ni mo ń darí ìpàdé náà ní Bengaluru, ta ni màá fi í sílẹ̀ fún, Salim? Ẹ ò rí i pé ohun tí Salim ń wá gan-an nìyẹn?

Ìrẹsì, ìrẹsì, ìrẹsì. Avvayya, ìrẹsì wà lọ́jà. Ó mọ́, kò ní òkúta, ẹnikẹ́ni kò sì dá egungun ẹ̀yìn nítorí rẹ̀. Ohun tí ẹ ń náwó lé oko yẹn lórí lọ́dún kan ju ohun tí ẹ ń rí níbẹ̀ lọ, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ilé mélòó ló kù ní Mallemotte tó ṣì ń gbin oko ńlá? Gbogbo wọn ti fi í sílẹ̀ fún koríko, wọ́n sì ń ṣe Puthari síbẹ̀. Wọ́n á tọrọ ìtí kan lọ́wọ́ ẹni tó bá ní, wọ́n á so ó mọ́ òpó, wọ́n á jẹun, ọdún á sì dùn. Ọlọ́run kì í béèrè oko tí ìtí ti wá. Ẹ̀yin nìkan lẹ ń bá ẹrẹ̀ jà bí ẹni pé ẹrẹ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ọ̀gá Ilé Ìgbafẹ́ Kùrukùru bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù nígbà tí mo ń gba yàrá. Ó ní òun lè yá oko ńlá náà, kí òun fi ṣe ibi tí ọkọ̀ àwọn àlejò máa dúró sí. Mo ní kó jẹ́ kí n bi yín. Ẹ rò ó dáadáa o, ẹ má kàn bínú.

Ẹ̀bẹ̀ mi ṣì ni ẹ̀bẹ̀ mi. Ọ̀sán kan ṣoṣo ni. Kí ọ̀gá mi má bá ìyá mi nínú ẹrẹ̀ dé orúnkún. Ṣé ìyẹn pọ̀ jù?

Ọmọ yín,
Uthaiah


Mallemotte,
Ọjọ́ Kejìlélógún, Oṣù Keje

Uthaiah,

Mo ti gbọ́. Kó wọn wá.

Adìẹ ni màá se, pẹ̀lú kadambuttu, òkèlè ìrẹsì wa. Bí a bá gún iyán nínú ewé, tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó. Ẹlẹ́dẹ̀ kò níí lọ sí ibì kankan. Òun àti èmi la jọ ń gbé ilé yìí, kò sì tíì bi mí rí pé ta ni ọ̀gá mi. Mi ò ní sè é fún Salim, ìyẹn tó.

Sọ fún ẹni tó fẹ́ fi oko bàbá rẹ gbé ọkọ̀ sí pé kó kọ́kọ́ fún mi ní pálọ̀ tirẹ̀, kí n so ẹlẹ́dẹ̀ mọ́ ibẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé tí o mú yẹn, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kakkada ni. O mọ ohun tí à ń jẹ lọ́jọ́ náà, mi ò ní wá torí àlejò rẹ yẹ̀ ẹ́. Sọ fún wọn kí wọ́n tó dé.

Ìyá rẹ


Muscat,
Ọjọ́ Kẹwàá, Oṣù Kẹjọ

Avvayya,

Mo kí yín. Mo délé láyọ̀, bí ẹnì kan bá fẹ́ mọ̀.

Mo dúró kí inú mi rọ̀ kí n tó kọ̀wé, kò rọ̀. Mo sì máa sọ ọ́ bó ṣe rí lára mi.

Ilé Ìgbafẹ́ Kùrukùru já mi kulẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi yín. Iná kò sí, ẹ̀rọ amúnáwá wọn kú lójú wa, òjò ń jò sórí ibùsùn ọ̀gá. Omi tó ń já láti orí àpáta, ìró rẹ̀ la gbọ́, a ò rí i. A dúró nínú kùrukùru, a ń wo funfun, ọ̀gá ń béèrè pé ṣé iwájú ni omi náà wà tàbí ẹ̀yìn. Eṣúṣú wọ bàtà Salim. Mo ní kò burú, a ṣì ní oúnjẹ ọ̀sán lọ́dọ̀ ìyá mi, ibẹ̀ ni màá ti rí ojúrere gbà.

A dé, mo sì bá yín ní ibi tí mo ti ń bẹ̀ yín láti oṣù Kẹfà pé kí n má bá yín. Ẹrẹ̀ dé orúnkún yín, ẹ̀wù bàbá mi wà lọ́rùn yín, ẹ fi àpò ṣaka borí. Ọ̀gá bi yín pé níbo ni àwọn òṣìṣẹ́ wà, ẹ fi ọwọ́ han Chomi, ẹ fi han ara yín, ẹ sì rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ mọ bí ilẹ̀ ṣe rí lábẹ́ ẹsẹ̀ mi nígbà yẹn?

Bí ẹ bá tiẹ̀ jáde nígbà náà, ì bá sàn. Ìyàwó ọ̀gá ló bọ́ bàtà, tó ní abúlé ìrẹsì ni wọ́n bí òun sí ní Konkan, ó sì kó sí ẹrẹ̀ pẹ̀lú aṣọ olówó iyebíye lára. Salim tẹ̀ lé e, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ọ̀gá náà ká ṣòkòtò sókè. Ẹ̀ ń pàṣẹ fún olórí ilé iṣẹ́ mi pé kó má tẹ ìrẹsì mọ́lẹ̀. Èmi dúró sórí bèbè oko pẹ̀lú agbòjò, nítorí ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tó ṣì mọ́.

Ó wá ku ti ìrẹsì dídùn tí ẹ fi ewé oògùn sè. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n tún bù sí i, wọ́n ní àwọ̀ rẹ̀ rẹwà. Èmi náà jẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọ̀gá pè mí láti ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ilé ìtọ̀. Ìtọ̀ rẹ̀ pupa bí ẹ̀jẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Salim ti kúnlẹ̀, ó ń gbàdúrà ìkẹyìn. Mo sáré lọ wo tèmi: ẹ̀jẹ̀ ni. Mo rò pé a ti jẹ májèlé. Mo kó gbogbo wọn sínú jíìpù lọ sí ilé ìwòsàn ní Madikeri, mo ń tẹ fèrè títí a fi dé.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wá wo ìgò ìtọ̀, ó wò mí, ó fi èdè wa bi mí pé ọmọ ilé wo ni mí. Mo sọ fún un. Ó kọjú sógiri, ó ń rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ fi ń mì, ó pe àwọn yòókù wá. Ó ní, "Ọmọ Kodagu, o jẹ ewé oògùn Kakkada, o gbé ìtọ̀ rẹ wá sí ọ́fíìsì wa?" Wọ́n tún túmọ̀ rẹ̀ fún ọ̀gá.

Ọ̀gá fi ìwé ìròyìn bojú títí a fi dé Bengaluru. Sohar ti bọ́ lọ́wọ́ mi, Avvayya. Bí ẹ bá mọ̀ pé ewé yẹn ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ẹ kò fẹnu sọ ọ́?

Uthaiah


Mallemotte,
Ọjọ́ Kẹrìnlélógún, Oṣù Kẹjọ

Uthaiah,

Mo kí ọ. Òjò ti ń dín kù. Oko ńlá ti dúdú fún ewé, àwọn ẹyẹ funfun ti ń rìn nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé o kò béèrè, mo kàn sọ ọ́ ni.

O ní kí ló dé tí n kò sọ ọ́. Mo kọ ọ́ sí ọ nínú lẹ́tà pé ọjọ́ kejìdínlógún Kakkada ni, mo ní kí o sọ fún wọn kí wọ́n tó dé. Kí ni mo tún fẹ́ kọ? Ṣé èmi ni màá wá jókòó kọ́ ọmọ tí mo bí ní Mallemotte ní àwọ̀ ìtọ̀ ara rẹ̀? Nígbà tí o wà ní kékeré, ìwọ àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ a máa tò sídìí igi jackfruit láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ ó máa jà lórí ti ta ló pupa jù. Ìwọ lo máa ń borí. Mo rò pé o ti sọ fún wọn, pé ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bù sí i. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé ẹni tó lè gbàgbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà, tí kì í ṣe òkú.

Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ Àìkú yẹn, ìtàn náà ti dé ọjà Napoklu. Wọ́n ní ọmọ Chondamma gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ fún dókítà. Chomi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mi ò ní parọ́.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí o fò nínú lẹ́tà rẹ. Gbogbo nǹkan lo kà sílẹ̀, àpò ṣaka orí mi, ẹ̀wù bàbá rẹ, bàtà Salim, o kò sì ka ìyẹn mọ́ wọn. Nígbà tí ẹ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, tí mo gbé ojú sókè tí mo rí ọ, tí inú mi ń dùn, o dúró sórí bèbè, o wò mí, o sì fi èdè Híńdì tí gbogbo wọn gbọ́ ké pè mí níwájú àwọn àlejò rẹ: "Ìyá àgbà, ṣé ìyálé ilé wà nílé?"

Bí ẹni bá òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀. O rò pé màá ní ó wà nílé, kí n gba ẹ̀yìnkùlé lọ wọ síliìkì, kí n gba iwájú jáde bí ẹlòmíràn. Mo ní, "Ó wà nínú ẹrẹ̀. Wọlé wá bá a." Ìyẹn ni ìyàwó ọ̀gá rẹ gbọ́ tó fi bọ́ bàtà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Konkan nìkan. Ó wo ojú mi, ó wo tìrẹ, ó sì rí i pé imú kan náà ni.

Ó dùn mí, Uthaiah. Ó dùn mí ju ọdún tí mo fi ń dá oko yìí ṣe lọ. Àlejò mẹ́ta bá mi parí oko ńlá, ọmọ mi di agbòjò mú. Aṣọ ńlá kọ́ lènìyàn ńlá, bàtà tó ń dán náà kọ́.

Ní ti Sohar, mi ò mọ ibi tó wà. Bí ó bá jẹ́ ibi tí ènìyàn ò ti ní ìyá ni, o yẹ níbẹ̀.

Ìyá rẹ,
ìyálé ilé


Mallemotte,
Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kẹsàn-án

Uthaiah,

Mo ti ń retí èsì. Apínlẹ́tà ti kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa títí, ó ti ń tijú láti wo ojú mi.

Fóònù ti ń dún báyìí, wọ́n ti tún wáyà ṣe. O ní nọ́ńbà rẹ̀. Ìrẹsì ti ń yọ orí. Bí inú ń bí ọ, jẹ́ kó bí ọ tán, kí o wá kọ̀wé.

Ìyá rẹ


Sohar,
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹwàá

Avvayya mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ wo òkè lẹ́tà yìí, ẹ ó rí ibi tí mo ti ń kọ ọ́. Sohar ni. Wọ́n fún mi ní ipò náà.

Mo dákẹ́ nítorí mi ò mọ ohun tí mo máa kọ. Ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kó tán nínú yín. Ẹ wá gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí ẹ̀yin náà máa rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí a dé, ọ̀gá pè mí wọ ọ́fíìsì. Mo ti ní ó tán. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Ó ní òun ti lọ sí ibi ìgbafẹ́ kárí ayé, òun kò rí ẹni tó ṣètò òpin ọ̀sẹ̀ bí tèmi rí. Avvayya, ó rò pé èmi ni mo ṣètò gbogbo rẹ̀. Ó rò pé mo dìídì ní kí ẹ wà nínú ẹrẹ̀ kí wọ́n lè bá yín gbìn. Ó rò pé ìbéèrè tí mo bi yín lórí bèbè, eré la jọ fi ṣe. Ó ní ti ìtọ̀ pupa yẹn, tí mo ṣe bí ẹni ẹ̀rù ń bà títí dé ilé ìwòsàn, pé mo mọ eré ṣe ju àwọn òṣèré Bombay lọ. Ó ti sọ ìtàn náà fún gbogbo ilé iṣẹ́. Ó ní ẹni tó lè fi ojú gbígbẹ ṣe irú ìyẹn lè ta adójútòfò fún ẹnikẹ́ni.

Kí ni kí n sọ? Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ẹ ṣeun.

Ó wá fẹ́ padà wá. Ó fẹ́ kó àwọn ènìyàn wá fún Puthari, gbogbo àwọn olórí ẹ̀ka wa pẹ̀lú ìyàwó wọn, kí wọ́n rí bí a ṣe ń gé ìtí ìrẹsì àkọ́kọ́. Mo ti ní kó fọkàn balẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, a kò ní lọ sí Kùrukùru, ọ̀dọ̀ yín la máa sùn, ẹ rí i pé mo ti ń gbọ́ràn. A ó dé ní àárọ̀ ọjọ́ ọdún gan-an, a ó sì lọ ní ọjọ́ kejì. Èmi ni màá gé ìtí náà níwájú wọn, pẹ̀lú aṣọ ìbílẹ̀ dúdú bàbá mi. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ nà án sóòrùn fún mi.

Ẹ̀bẹ̀ mi kan ṣoṣo ni pé kí ẹ má tú mi fó. Bí ọ̀gá tàbí ìyàwó rẹ̀ bá bi yín, ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo ṣètò rẹ̀.

Ọmọ yín,
Uthaiah


Mallemotte,
Ọjọ́ Kẹrìndínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹwàá

Uthaiah,

O kú oríire Sohar. Bí ìyá bá gbọ́ oríire ọmọ, ó yẹ kó dúpẹ́, mo sì ti dúpẹ́.

Mo lè pè ọ́ lórí fóònù sọ èyí, ṣùgbọ́n lórí fóònù o máa ń ní o kò gbọ́.

Ẹ̀bẹ̀ rẹ dé lẹ́yìn tí ọjà ti tú. Sulabha ti ń pè mí láti oṣù tó kọjá, ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Kò bi mí bóyá ìwọ lo ṣètò rẹ̀. Ó ti mọ̀. Ó ní òun kò sọ fún ọkọ òun, nítorí ọkọ òun fẹ́ràn ìtàn náà, ìtàn tí ọkùnrin bá sì ti sọ fún ẹlòmíì, kò ní jẹ́ kí a gbà á lọ́wọ́ òun mọ́. Nítorí náà, ipò rẹ kò mì. Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà ní Muscat tó mọ irú ẹni tí o jẹ́, tí yóò sì máa bá ọ rẹ́rìn-ín nídìí oúnjẹ. Kí o máa rántí ìyẹn.

Kó àlejò rẹ wá. Ilé tóbi, adìẹ wà, ẹlẹ́dẹ̀ náà wà. Wọ́n á sùn sí yàrá iwájú, wọ́n á wo ọdún láti ẹ̀yìn, bí gbogbo àlejò. Ṣùgbọ́n ìtí Puthari kì í ṣe eré, mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi í ṣeré nínú oko bàbá rẹ, àní bí ẹni náà bá wọ aṣọ dúdú rẹ̀. Ẹni tó máa gé e gbọ́dọ̀ ti wà nílé. Koríko ti bo ọ̀nà tó lọ sí oko, bèbè ti ya níbi méjì, omi gbọ́dọ̀ jáde kí ìrẹsì tó gbẹ. Iṣẹ́ ọkùnrin ni. Bí o bá fẹ́ gba dòjé, wá nìkan, ṣáájú wọn, kí o gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, kí o ṣe é.

Bí o bá sì fẹ́ bá wọn dé láàárọ̀ ọjọ́ ọdún, àyè wà fún ọ náà, ní yàrá iwájú. Màá kí ọ káàbọ̀ bí mo ṣe ń kí wọn.

Wọ́n ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ìdí ọmọ ẹni kò bá sí nílé ńkọ́? Mo ti pe àwọn ìbátan bàbá rẹ jọ, mo sọ fún wọn pé bí o kò bá dé nígbà tí mo wí, Chomi ni màá fún ní dòjé. Wọ́n pariwo. Wọ́n ní kò tíì ṣẹlẹ̀ rí nílẹ̀ wa pé kí obìnrin tí à ń gbà síṣẹ́ gé ìtí ilé onílé. Mo ní kí ẹni tó bá ti kó sí ẹrẹ̀ oko náà lọ́dún yìí nínú wọn tún pariwo lẹ́ẹ̀kan sí i.

Chomi ti pọ́n dòjé.

Ìyá rẹ,
Chondamma